Ṣé Lóòótọ́ Ni Oòrùn Ń Pa Owó Mọ́? Ìwé Ìṣirò Ìyá Ìbejì

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, mo ń fi igi tayín, nígbà tí ìyàwó mi gbé ìwé kékeré kan ka orí tábìlì níwájú mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwé gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ ni. Ẹja dídì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù ni ó ń tà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa ní ìhà Mọníyà, ní Ìbàdàn, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi sì wà lára àwọn tí ó máa ń jẹ ẹ́ ní gbèsè.

"Bàbá Ìbejì," ni ó wí, "ẹ̀yin ni tíṣà ìṣirò. Ẹ bá mi ro èyí wò."

Kì í ṣe ìwé gbèsè rárá. Epo bẹntiróòlù tí ó ń rà sínú jẹnẹrétọ̀ ni ó kọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ fún odidi oṣù Kọkànlá. Lítà mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìyẹn lítà 78. Nǹkan bí ₦1,000 ni à ń ra lítà kan ní ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, nítorí náà ₦78,000 ni owó epo nìkan. Mo fi ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó mẹ́káníìkì kún un, èyí tí ó ń lọ sí ₦6,000 lóṣù, ó di ₦84,000. Mo wá wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, níbi tí ó kọ èrè tí ó kù sí i lọ́wọ́ sí lẹ́yìn gbogbo ìnáwó: ₦31,000.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" ni ó wí. "Jẹnẹrétọ̀ ni ó ni ọjà. Èmi kàn ń bá a tà á ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èrè àti àdánù, n kò mọ̀ pé irú àdánù bẹ́ẹ̀ ń bẹ nínú ilé tèmi. Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí jíròrò ọ̀rọ̀ iná oòrùn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sólà. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ya ilé wa láti béèrè bí ó ti rí, tí àwọn kan sì ti fẹ́ sáré lọ yá owó, mo rò pé ó yẹ kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú iye tí a ná àti ibi tí a ti kọsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí a ti dé ibi tí a dé. Kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan kò tó ₦200 ní ilé epo. Ní ọjọ́ náà ni Ààrẹ Tinubu gba ọ̀pá àṣẹ, tí ó sì kéde pé owó ìrànwọ́ lórí epo ti lọ. Kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, epo ti kọjá ₦500. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti ń lọ sí ₦1,000, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ibòmíràn. Nẹ́pà náà kò ràn wá lọ́wọ́. (Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ti yí padà ní ọdún 2005, tí wọ́n sì ti tà á fún àwọn aládàáni láti ọdún 2013, ṣùgbọ́n ta ni kò pè é ní Nẹ́pà?) Ní ọdún 2024 nìkan, okùn iná gbogbo orílẹ̀-èdè wa já lulẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, tí ìlú tí ó pọ̀ wọ inú òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Àṣìṣe kìn-ín-ní tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé owó Nẹ́pà ni wọ́n ń fi sólà wé. Yúníìtì ni a fi ń wọn iná, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi kóńgò wọn gaàrí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba sọ owó yúníìtì kan di ₦225 láti nǹkan bí ₦68 fún àwọn tí wọ́n ní kí ó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, wọ́n sì dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Àdúgbò tiwa kò sí lára wọn, owó tiwa kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iná náà kò sí níbẹ̀. Ẹ wá wo jẹnẹrétọ̀. Lítà epo kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro sọ ní "mo sàn ju aládùúgbò mi lọ," kì í sábà mú ju yúníìtì kan àbọ̀ wá. Bí lítà bá jẹ́ ₦1,000, yúníìtì kan ti lé ní ₦650. Òun gan-an ni iná tí ó wọ́n jù nínú ilé wa, òun náà sì ni à ń lò jù. Nítorí náà, owó epo ni sólà lè bá ọ gbà là. Ẹni tí kò bá ra epo kò ní ohun tí ó pọ̀ láti gbà là.

Wọ́n sọ pé ọ̀fẹ́ ni oòrùn. Òótọ́ ni. Òjò náà ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní páànù lórí ilé àti àmù nílẹ̀ kò lè rí omi òjò mu ní ọ̀la. Páńẹ́lì ni páànù tí oòrùn ń rọ̀ sí. Yanrìn ni orísun ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹn sílíkọ́nì, ọdún 1954 sì ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà fi irú rẹ̀ tí ó ṣeé lò han ayé. Bátìrì ni àmù tí à ń pọn iná pamọ́ sí. Ìnfátà ni ó ń sọ iná inú bátìrì di irú èyí tí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ń jẹ. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, àmù ni ó tètè ń fọ́. Páńẹ́lì tí ó dára lè lo ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Bátìrì olómi tí àwa rà, bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ọdún mẹ́ta ni mo fọkàn sí.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí ni ìyàwó mi fi dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ṣé kì í ṣe irú ti ọjọ́sí?" ni ó ń bi mí.

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ní ọdún 2022, mo ra bátìrì tòkúnbọ̀ méjì ní ₦90,000, mo sì yá ìnfátà kékeré lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Ẹni tí ó tà wọ́n fún mi búra pé ọ́fíìsì òyìnbó ni wọ́n ti bọ́, pé wọn kò tíì gbó. Oṣù kìn-ín-ní, a jókòó bí ọba. Oṣù kẹta, fáànù kò lè yí di aago méjì òru. Oṣù karùn-ún, wọ́n kú. Nígbà tí mo padà lọ, ọkùnrin náà wí fún mi pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n lò. Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé bátìrì àlòkù lè fi ara hàn bí ẹni pé ó kún, kí ó sì jẹ́ pé àmù tí erùpẹ̀ ti dí dé ọrùn ni. Ènìyàn kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Nítorí náà mo ṣèlérí fún Ìyá Ìbejì pé a kò ní ra àlòkù mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó dúró di ọdún tí ń bọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a jókòó ka ohun tí ilé wa ń jẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣòwò kankan kà á fún un yín. Ẹ yí ẹ̀yìn ohun èlò kọ̀ọ̀kan síta, ẹ ó rí iye wáàtì rẹ̀, ẹ fi wákàtí tí ẹ ń lò ó sọ ọ́ di púpọ̀. Fáànù méjì tiwa jẹ́ wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún wákàtí mẹ́jọ, ó di 960. Gúlóòbù mẹ́fà, wáàtì 9, wákàtí márùn-ún, 270. Tẹlifíṣọ̀n 80, wákàtí mẹ́rin, 320. Fóònù, 50. Fíríìsà ìyàwó mi kì í ṣiṣẹ́ láìsinmi, ó ń tan, ó ń kú. Ó ń jẹ nǹkan bí 1,500 láti àárọ̀ di àárọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,100, ìyẹn yúníìtì mẹ́ta ó lé díẹ̀ lójúmọ́. Áyọ́ọ̀nù kò sí nínú rẹ̀. Wáàtì 1,000 ni áyọ́ọ̀nù wa, ó ju gúlóòbù 100 lọ! Mo gbà pẹ̀lú ara mi pé ìgbà tí Nẹ́pà bá mú iná wá ni n ó máa lọ ṣòkòtò mi, bí kò bá sì mú un wá, n ó gbé ṣòkòtò náà wọ̀ bẹ́ẹ̀.

Páńẹ́lì mẹ́rin tí ó jẹ́ wáàtì 400 lọ́kọ̀ọ̀kan ni oníṣẹ́ iná wí pé yóò tó. Mo fi pẹ́ńsù yẹ̀ ẹ́ wò. Bí oòrùn bá ràn dáadáa fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, tí mo bá sì yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ohun tí ó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, yóò mú yúníìtì mẹ́rin ó lé wá. Ní àsìkò òjò, bóyá ìdajì rẹ̀ ni a ó rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi wí pé kí a má ta jẹnẹrétọ̀ wa.

Ohun tí a san ní òpin oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 nìyí: páńẹ́lì mẹ́rin, ₦420,000; bátìrì tuntun méjì, ₦580,000; ìnfátà, ₦330,000; wáyà, irin àti bẹ́rékà, ₦110,000; iṣẹ́ ọwọ́, ₦60,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,500,000 géérégé. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù nínú ẹrù náà ti ń wá, pàápàá Ṣáínà, láti ìgbà tí náírà sì ti ṣubú níwájú dọ́là ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni owó wọn ti ń gòkè. Ìyàwó mi kó àjọ ₦300,000, èmi mú ₦200,000 wá, ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù àwa tíṣà yá wa ní ₦1,000,000 tí a ó san fún ọdún méjì pẹ̀lú èlé ₦100,000.

Bátìrì kan wà tí wọ́n ń pè ní líthíọ́ọ̀mù. Òun kò fẹ́ omi, a lè lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a pọn sínú rẹ̀, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá. Tiwa yìí, ìdajì péré ni ó yẹ kí a lò kí ó má baà tètè kú. Bí ó bá ṣe pé ọwọ́ wa tó líthíọ́ọ̀mù ni, òun ni à bá rà. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pè é nígbà náà ga ju agbára wa lọ.

Nígbà tí ẹrù dé, mo dúró ti páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ lè parọ́, ṣùgbọ́n títóbi rẹ̀ kò lè parọ́ púpọ̀: páńẹ́lì wáàtì 400 gbọ́dọ̀ ga tó àgbàlagbà ọkùnrin kan. Èyí tí ó bá dé yín ní èjìká, tí wọ́n sì ní 400 ni, ẹ dá a padà.

Wàhálà tí n kò retí ni ti igi máńgòrò. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé ni oníṣẹ́ iná fẹ́ gbé wọn sí, ṣùgbọ́n ẹ̀ka máńgòrò Màmá tí ó múlé tì wá ń ṣíji bo ibẹ̀ láti ọ̀sán lọ. Ọmọkùnrin náà wí fún mi pé bí òjìji bá bo páńẹ́lì kan ṣoṣo, àwọn yòókù tí a so mọ́ ọn yóò fà sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú kọjá títì. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá.

"Màmá, ẹ kú ilé o. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀. Ẹ̀ka igi yín kan ni ó ń dí oòrùn lọ́wọ́ ní orí ilé wa."

"Tíṣà, dìde. Ọkọ mi ni ó gbin igi yẹn, ní ọdún tí mo bí àkọ́bí mi. Lọ wí fún oòrùn rẹ kí ó gba ibòmíràn yọ."

Mo dúpẹ́, mo dìde. A kó páńẹ́lì lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, wáyà tí ó gùn sí i sì mú ₦18,000 lọ nínú ₦110,000 tí mo dárúkọ. Ìhà gúúsù ni ó dára jù, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa tí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gba àárín orí kọjá, òrùlé tí kò dagun púpọ̀ kì í pàdánù ohun tí ó pọ̀. Bí igi náà ti so ní ọdún náà, Màmá bu agbọ̀n máńgòrò kan fún àwọn ìbejì.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tí ó tajà fún wa wí pé láàárín oṣù méjìdínlógún ni owó wa yóò ti padà wálé. Mo mọ bí ó ti rò ó: ó fi ₦84,000 pín ₦1,500,000. Kò ka èlé ẹgbẹ́. Kò ka epo tí a ó ṣì máa rà nígbà òjò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò ka bátìrì. Bí bátìrì ₦580,000 yóò bá lo ọdún mẹ́ta, ó ń jẹ ₦16,000 ó lé díẹ̀ lóṣù, bí a rí i bí a kò rí i. Nígbà tí mo ka gbogbo ìwọ̀nyí, ohun tí ó kù láti gbà là jẹ́ nǹkan bí ₦60,000 lóṣù, owó tí a ó dá padà sì di ₦1,600,000. Oṣù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni pẹ́ńsù mi sọ.

Ayé wá fi tirẹ̀ kún un. Láti oṣù Kejì ọdún 2025 títí di òpin oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, a bá ìwé kékeré náà lọ. Lítà 936 ni à bá rà. 90 ni a rà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni gbogbo rẹ̀, nígbà tí ìkùukùu kò jẹ́ kí a rí oòrùn. Ṣùgbọ́n epo wálẹ̀ díẹ̀ ní ọdún náà, ìpíndọ́gba ohun tí à ń rí ní àdúgbò wa jẹ́ ₦900. Lítà 846 tí a kò rà jẹ́ ₦761,400. A fi ₦60,000 owó ọ́ìlì àti mẹ́káníìkì kún un, a yọ ₦192,000 fún bátìrì, ó ku ₦629,400. Bí ó bá ń lọ báyìí, ọdún méjì àbọ̀ ni. Ẹ rí i pé bí epo bá ti ń rọjú ni sólà ń pẹ́ sí i kí ó tó san ara rẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ bínú sí epo tí ó rọjú nítorí pé mo ti ra páńẹ́lì.

Ohun kan tí ìyàwó mi ṣe ni ó mú kí bátìrì wa ṣì lágbára. Èmi ni mo gbọ́n nínú ìwé, ṣùgbọ́n òun ni ó kíyè sí i pé ẹja tí ó ti dì gan-an kò nílò iná ní òru. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ń ràn, fíríìsà ń fa iná tààrà láti orí òrùlé. Ó to ọ̀rá omi yí inú rẹ̀ ká, wọ́n di yìnyín. Bí alẹ́ bá lẹ́, ó pa á, ó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Ní àárọ̀, ẹja ṣì le bí òkúta. Yìnyín náà jẹ́ bátìrì, a kò sì san owó rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wí fún àwọn oníṣòwò pé ọ̀rọ̀ yìí dára fún wọn ju fún àwa tíṣà lọ. Ẹni tí ó ń ránṣọ, ẹni tí ó ń gẹrun, ẹni tí ó ń ta ohun tútù, ọ̀sán ni iṣẹ́ wọn, ọ̀sán náà ni oòrùn ń ràn. Àmù kékeré tó wọn. Ṣùgbọ́n tíṣà tí ó jáde láàárọ̀, tí ó padà ní ìrọ̀lẹ́, tí ó fẹ́ fáànù àti tẹlifíṣọ̀n di òru, inú bátìrì ni gbogbo iná rẹ̀ yóò ti wá. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi. Kò ní jẹnẹrétọ̀. Owó Nẹ́pà rẹ̀ kò ju ₦9,000 lọ lóṣù. Mo wí fún un pé bátìrì nìkan yóò jẹ ₦16,000 rẹ̀ lóṣù. Bí ó bá fẹ́ ẹ fún ìtura, kí òkùnkùn má baà mú àwọn ọmọ rẹ̀ nídìí ìwé, kò burú, ilé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe yá owó nítorí pé ẹnì kan wí fún un pé yóò fi pa owó mọ́. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi ní ọjọ́ náà.

Ẹni tí ó bá wà ní ilé àyágbé kò ní láti bẹ̀rù púpọ̀, nítorí pé a lè tú u kó lọ, kìkì pé kí onílé mọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó lu ihò sí páànù rẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo páńẹ́lì wa, kùtùkùtù ni mo sì ń gun àkàbà lọ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún; ẹ má ṣe da omi tútù sí i ní ọ̀sán gangan. Lóṣooṣù ni mo ń wo omi bátìrì, omi bátìrì gan-an ni a sì ń fi kún un, kì í ṣe omi kànga. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ó ti pa odidi ìdílé mọ́jú ní ìlú wa lọ́pọ̀ ìgbà, n kò mọ iye tí à bá dá lé e, nítorí náà n kò kà á mọ́ ìṣirò.

Agolo mílíìkì ńlá kan wà lórí àpótí ìyàwó mi. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ₦16,000 sínú rẹ̀, bí ó bá sì ti pọ̀ díẹ̀, ó ń gbé e lọ fún ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún 2025 kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ ẹbí jáde ní ilé wa, ọwọ́ mi kò sì gbọn-in. Mo rọra sún mọ́ ọn.

"Ìyá Ìbejì, ṣé a kò lè mú díẹ̀ nínú agolo yẹn? N ó dá a padà ní oṣù Kìn-ín-ní."

Kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tí ó ti ń gé ẹja.

"Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Owó bátìrì ni."